Ẹlẹ́rù-Dà, Atukọ̀ Tí Kì Í Gbé Ẹrù Aláìlẹ́ni

Bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ní òdìkejì odò nípa atukọ̀ àgbà tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rù-Dà, wọn yóò sọ fún yín pé akin ni. Wọn yóò ní ó dá dúró nínú omi tó mù ún dé ìbàdí, ó na àjẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ bí idà, ó sì lé àwọn onífàyàwọ́ padà, àwọn àti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wọn. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni omi inú ìtàn náà ń kún sí i. Nígbà tí a gbọ́ ọ kẹ́yìn, ó ti mù ún dé ọrùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn kan ní abúlé tirẹ̀ gan-an, pàápàá àwọn tí wọ́n ti ń fojú sọ́nà fún ọlà tuntun, wọn yóò ní olóríkunkun arúgbó kan ni, tó fi agídí di ọ̀nà ọrọ̀ mọ́ gbogbo abúlé, tí kò sì rí ìdí kankan tí ayé fi gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí bí òun ṣe bá a.

Òun fúnra rẹ̀ kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń wí yìí, orí ibùsùn ló wà, tí orúnkún rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan odò rárá.

Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ fún un ti rì sísàlẹ̀ omi láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò tíì pẹ́ tó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, nígbà tí ẹnì kan gbé apẹ̀rẹ̀ kan sínú ọkọ̀ rẹ̀, tó ní ẹni tí yóò gbà á ti ń dúró ní òkè ọ̀hún. Àwọn méjì ló ń dúró. Obìnrin ni àwọn méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òun ló ni apẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì di ọwọ́ rẹ̀ kan mú. Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ fà ya, wọ́n kọjú sí atukọ̀. Ìyá àkọ́kọ́ gbá a létí ọ̀tún. Èkejì kò fẹ́ kí ìjà òun kéré sí ti ẹnìkejì, ó gbá a ní ti òsì. Ó lè dun àwọn tó máa ń wá ọgbọ́n àwọn baba ńlá sí ìdí ohun gbogbo láti gbọ́ pé ìgbátí méjì ni ìpìlẹ̀ òfin tó dáàbò bo odidi abúlé, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, ẹrù kankan kò dá gun ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹlẹ́rù gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹrù rẹ̀, kó gbé ọwọ́ lé e títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí ẹrù nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀, òun ló ni ín, ire tàbí ibi yòówù tó bá wà nínú rẹ̀, òun ni yóò sì gbé e gòkè. Bí ẹrù kan bá ṣèèṣì ṣẹ́kù, abẹ́ àtíbàbà èbúté ni wọ́n máa ń gbé e sí, wọn a sì máa bi gbogbo ẹni tó bá ń kọjá bóyá tirẹ̀ ni. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, wọn a tú u lójú gbogbo ayé, kí ohun tó lè bàjẹ́ má baà bàjẹ́ síbẹ̀. Nítorí náà, kó tó ti ọkọ̀ kúrò létí omi, a wo ẹrù kọ̀ọ̀kan, a ní, "Ẹlẹ́rù dà?" Onítọ̀hún a ní, "Èmi rèé." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí tíṣà ilé-ìwé kọ́kọ́ ń kó bọ̀ ní abúlé náà, ó rán kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀ ṣáájú. Kọ́bọ́ọ̀dù náà dúró létí omi, òòrùn pa á, ewúrẹ́ fi ara yí i, títí tíṣà fi dé pẹ̀lú táì lọ́rùn, tó jókòó tì í, tó sì gbá a mọ́ra la odò kọjá bí ẹni tó gbé ìyàwó tuntun. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn, tí àpótí oògùn rẹ̀ ní àmì ìjọba lára gbàgàdà, náà gbé ọwọ́ lé e bíi ti gbogbo ayé. Àwọn ọmọdé sọ ọ́ di orin. Bí ewúrẹ́ bá dá kọjá, wọn a bi í pé ẹlẹ́rù dà. Nígbà tí ọjọ́ orí dé, tí ikùn atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta, wọ́n bi ikùn náà. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà; àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ a máa fi kún un pé kì í ṣìnà lóòótọ́, àmọ́ kì í tètè débẹ̀.

Ohun kan wà tí ìyàwó rẹ̀, kó tó di olóògbé, máa ń tọ́ka sí. Ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọkọ òun mọ̀ láyé. Kò ní bẹ ẹnikẹ́ni fún ohunkóhun. Bí omi bá tán nínú ife rẹ̀, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí òùngbẹ gbẹ ọ̀fun rẹ̀ ju kó ní kí wọ́n bu òmíràn wá.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ọkùnrin kan dé. Aláwò Dúdú ni wọ́n ń pè é, nítorí awò tó fi bo ojú, tí kì í yọ, ìbáà ṣe inú ilé, ìbáà ṣe inú òjò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó mọ bí a ti ń kí àgbà, kì í sì í kánjú nàró bó bá ti tẹríba. Ó tún ẹ̀rọ omi abúlé tó ti bàjẹ́ ṣe, ó ra bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé, ó ń bi oníkálukú léèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, a ní òun ń ṣòwò. Bí wọ́n bá tún bi í pé òwò kí ni, a rẹ́rìn-ín músẹ́, a ní òwò náà ni.

Ó tọ atukọ̀ lọ létí omi.

"Bàbá," ó ní, "àwọn àpò kan wà lódìkejì tí ẹ ó máa bá mi gbé wá. Ẹnì kan á máa dúró gbà wọ́n lọ́wọ́ yín níbí."

"Ẹlẹ́rù dà?"

"Èmi náà ni, Bàbá. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."

"Ó dáa. Bọ́ sínú ọkọ̀ ká jọ lọ, kí o wá jókòó tì í."

Aláwò Dúdú rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ òun pọ̀, pé òun kò lè wà níbi gbogbo, pé òun yóò ṣe é kí inú bàbá dùn. Atukọ̀ fi ọwọ́ kan etí ọ̀tún rẹ̀, ó fi kan ti òsì, ó ní inú òun ti dùn tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì dé sí èbúté, àwọ̀ búlúù, ìjókòó rẹ̀ ní tìmùtìmù. Kí atukọ̀ tó fa àjẹ̀ jáde nínú omi, èyí ti gúnlẹ̀. Ó wá jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Ta ni yóò rí ọ̀fẹ́ tí yóò kọ ẹ̀yìn sí i? Tíṣà lọ, ó ní àkókò ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ ẹ̀kọ́. Ìyá Aránṣọ, tó ń ránṣọ lẹ́bàá èbúté, lọ, ó ní ìdí òun ti ń dàgbà, ó nílò tìmùtìmù. Ẹrù kan máa ń wà láàárín ọkọ̀ náà, tí wọ́n fi tàpólì bò. Kò sí ẹni tó ń bèèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, awakọ̀ a ní kí èrò kọ̀ọ̀kan dákun bá òun gbé àpò kan gòkè, síbi tí mọ́tò kan ti ń dúró. Ìrànlọ́wọ́ ni. Ẹni tí wọ́n gbé lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé yóò kọ ìrànlọ́wọ́?

Lásìkò yẹn náà ni orúnkún atukọ̀ dùbúlẹ̀, tó sì mú un dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó máa sinmi. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, obìnrin tí apá rẹ̀ le bí okùn ọkọ̀, gba àjẹ̀, ó ń tu ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo lọ, ó ń tu ú bọ̀.

Ìròyìn ti ń bọ̀ láti abúlé tó wà lókè odò. Wọ́n ní hóró oògùn kan dé síbẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé e mì, kì í rẹ̀ ẹ́, a ṣiṣẹ́ títí, a sì tún fẹ́ máa bá a lọ. Àbúrò Ìyá Aránṣọ ń ṣe káfíńtà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń kan ilẹ̀kùn bí ẹni tó ní ọwọ́ mẹ́rin. Nígbà tó yá, kò kan ilẹ̀kùn mọ́, hóró náà ló ń jẹ. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ wò ó, ó ń wo ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú, omi náà sì ń dà sí i láyà. Ìyá Aránṣọ, tí ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ, padà wálé láìsọ gbólóhùn kan.

Nọ́ọ̀sì sọ fún àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ pé oògùn kì í hu lórí igi, pé ọ̀nà kan ni èyí gbà dé òkè odò. Kò sọ ọ̀nà wo. Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Abúlé lè mọ nǹkan fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbà pé òun mọ̀ ọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àbígbẹ̀yìn gbé omi gbígbóná wọ yàrá wá láti fi tẹ orúnkún bàbá rẹ̀. Yàrá náà kéré: ibùsùn kan, àga kan, fèrèsé tó kọjú sí ìsàlẹ̀ èbúté, àti àjẹ̀ àtijọ́ kan tó fara ti igun ògiri. Ó ki aṣọ bọ omi náà, ó ń fi í tẹ orúnkún náà.

"Bàbá, Aláwò Dúdú ní kí n wá máa wa ọkọ̀ òun. Ẹ́ńjìnnì."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní màá rò ó."

Arúgbó náà wo àjà. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún, kì í ṣe orúnkún. Ọkọ̀ lè jẹrà, èrò lè lọ, ẹni tó dàgbà mọ̀ pé bí ayé ṣe ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tí òun kọ́ bí a ti ń di àjẹ̀ mú wá máa kó ẹrù tí kò lẹ́ni la odò kọjá! Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀: má lọ. Gbólóhùn kékeré ni. Ó gbé e mì.

"Ẹ́ńjìnnì a máa jó ọwọ́," ó ní. "Kó o ṣọ́ra."

"Ẹ ò ní sọ nǹkan míì?"

"Kí ni kí n tún sọ?"

Ọmọ náà fún aṣọ tó fi ń tẹ orúnkún, ó ká a, ó ká a sí i, bí ẹni tó ń retí pé ọ̀rọ̀ yóò já bọ́ láti inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, atukọ̀ fi ìgunpá gbé ara rẹ̀ sókè lójú fèrèsé. Ó rí ọkọ̀ tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀, wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Ó rí ọkọ̀ búlúù. Ó rí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ tó ká aṣọ sókè, tó sì gun ọkọ̀ búlúù náà láàárín àwọn tó ń lọ sọ́jà lódìkejì. Ẹ́ńjìnnì ké, ọkọ̀ lọ. Ó tún ara rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀. Ó ronú pé kò burú, pé ọmọ ẹni kì í ṣe ọkọ̀ tí a lè so mọ́ èèkàn. Èrò náà dára. Kò ràn án lọ́wọ́.

Òòrùn ti kan àtàrí nígbà tó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń padà bọ̀. Ó gbọ́ tí ó kú. Ó wá gbọ́ ohùn kan láti èbúté, ohùn tó dá mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ohùn, nítorí òun ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: "Ẹlẹ́rù dà?" Ohùn mìíràn gbà á. Òmíràn tún gbà á. Láìpẹ́, gbogbo èbúté ló ń ké e, ohùn ọkùnrin, ohùn obìnrin, àti ẹ̀rín gbọ̀ọ̀rọ̀ kan láàárín rẹ̀ bí ìgbà tí ọ̀wọ́ igi bá wó.

Wọ́n ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ayé rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn ún rí. Ṣùgbọ́n tọ̀tẹ̀ yìí, ọmọ rẹ̀ ló dá orin náà. Ó yí ojú sí ògiri, bí káfíńtà òkè odò.

Ó ṣì kọjú sí ògiri nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Àbígbẹ̀yìn wọlé, ó tutù dé orúnkún. Ìyá Aránṣọ tẹ̀ lé e, ó fi sísọ́ọ̀sì ìgéṣọ sọ́wọ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìta.

"Bàbá Ẹlẹ́rù-Dà, ẹ dìde, ẹ wá gbọ́. Òfin yín ti ya wèrè."

Díẹ̀díẹ̀ ló rí ìtàn náà kó jọ, nítorí àwọn méjèèjì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Àbígbẹ̀yìn ti lọ kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ní kí òun máa wà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ọjà, tí èrò ti jókòó yí tàpólì ká, ó dúró láàárín ọkọ̀. Kò pète rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun ṣáà kan ọkọ̀, ẹnu òun sì la ara rẹ̀: ẹlẹ́rù dà? Awakọ̀ ní kí àǹtí jókòó jàre. Ó tún bèèrè. Ìyá Aránṣọ, tí ìgunpá rẹ̀ ń sinmi lórí tàpólì náà, wo ìgunpá, ó wo tàpólì. Kò sí ẹni tó dàgbà ní èbúté yẹn tí kò mọ ìtumọ̀ ọwọ́ tó wà lórí ẹrù. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè.

"Mo ní èmi kọ́ o," ó ń sọ fún arúgbó náà. "Mo ní gbogbo ayé, ẹ wo ọwọ́ mi."

Bí ó ti gbé tirẹ̀ sókè ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé tirẹ̀. Tíṣà náà gbé e, pẹ̀lú báàgì ìwé lọ́rùn. Báyìí ni wọ́n la odò kọjá, gbogbo èrò ọkọ̀ náwọ́ sókè ọ̀run bí ẹni tí olè dá dúró, kò sì sí olè kan níbẹ̀ àfi ẹni tó ń wa ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, tó ní kí wọ́n bá òun gbé àpò, ẹnikẹ́ni kò mira. Wọ́n bi í: ẹlẹ́rù dà? Àwọn tó wà lókè gbọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, àwọn náà bi í. Ó wá ṣe àṣìṣe tí àlejò nìkan lè ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Gbogbo wa la ni ín. Ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá."

"Mo wá ní ó dáa bẹ́ẹ̀," Ìyá Aránṣọ wí. "Mo ní bó bá jẹ́ ti gbogbo wa, ẹ jẹ́ ká tú u, kí n mọ ìpín tèmi."

Ìgbà náà ni ẹ̀rín tí atukọ̀ gbọ́ sọ. Ìyá Aránṣọ fi sísọ́ọ̀sì gé okùn àpò, hóró oògùn sì tú sílẹ̀ nínú òòrùn. Ẹ̀rín dá. Ìyá Aránṣọ mọ̀ wọ́n. Ó ti rí wọn ní abẹ́ ìrọ̀rí àbúrò rẹ̀.

Kò sí ẹni tó lu awakọ̀. Kò sí ẹni tó rántí pé ó yẹ kí a lù ú. Bí wọ́n ti wọ́ ẹrù bọ́ sílẹ̀ tán, ó ti tan ẹ́ńjìnnì, ó sì ti sá lọ pẹ̀lú ìjókòó onítìmùtìmù, nítorí ohun tó wà lọ́kàn àwọn èèyàn náà ni ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré: ẹrù aláìlẹ́ni, abẹ́ àtíbàbà ni. Wọ́n fi tàpólì wọ́ ọ débẹ̀ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà kàn án. Nọ́ọ̀sì fi fóònù pe àwọn ìjọba. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ni wọ́n ń bi.

"Aláwò Dúdú náà kọjá," àbígbẹ̀yìn ní. "Orí alùpùpù ló wà. A bi í."

"Kí ló sọ?"

"Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó wo àpò náà dáadáa. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí."

Atukọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbọn ibùsùn, ó gbọn orúnkún, ó dùn ún, kò sì dáwọ́ dúró. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn nílò láti gba ẹrù rẹ̀ padà kò ju kó ní èmi rèé.

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?" Ó ń nu omijé. "Báwo lojú rẹ̀ ṣe rí?"

"Ojú lásán ni, Bàbá," Ìyá Aránṣọ ní. "Ọ̀kan tiẹ̀ ń ṣẹ́ díẹ̀. Kò sídìí tó fi ń fi í pa mọ́."

Ọkọ̀ ìjọba, tí kì í tètè dé, kò tètè dé. Àwọn ará abúlé jókòó yí àtíbàbà ká, wọ́n ń gba ìṣọ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ìyá Aránṣọ gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀, tíṣà ń wo iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ẹnì kan ń to ọmọ ayò. Gbogbo ogun tí abúlé náà jà kò ju ìjókòó yẹn lọ. Nígbà tí wọ́n kó àpò náà lọ tán, àwọn èèyàn gbọn ìdí wọn, wọ́n lọ sílé. Láti ìgbà náà, ẹrù tí kò lẹ́ni kò gba odò yẹn mọ́. Aláwò Dúdú kó kúrò láìdágbére. Ayé gbòòrò, ó ṣeé ṣe kó ti rí èbúté mìíràn tí wọn kì í ti í bèèrè nǹkan. Inú àwọn tó ń retí ọlà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò dùn, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí ìròyìn tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi tó tún ṣe ṣì ń ṣiṣẹ́, káfíńtà òkè odò sì ti kan ilẹ̀kùn kan. Ó wọ́ díẹ̀, a gbọ́. Àmọ́ ó ń ṣí, ó sì ń tì.

Wọ́n fẹ́ yẹ́ atukọ̀ sí. Wọ́n ní àwọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sára àtíbàbà. Ó ní ẹni tó ń sùn kì í gba oyè ogun.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ sọ̀ díẹ̀, tí nọ́ọ̀sì ní kó lọ fi han dókítà lódìkejì, ó fi ọ̀pá rìn lọ sí èbúté ní òwúrọ̀, ó gbé báàgì kékeré kan, aṣọ kan àti ọṣẹ ló wà nínú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, àárín ọkọ̀ rẹ̀ ló jókòó sí, bí èrò. Ó yà á lẹ́nu pé pákó ìjókòó náà le tó bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un rí. Àwọn èrò ti kún. Àbígbẹ̀yìn di àjẹ̀ mú, ó ń wo ẹrù kọ̀ọ̀kan, ó ń bèèrè. Ìyá Aránṣọ ní èmi rèé, ó gbé ọwọ́ lé ìdì aṣọ rẹ̀. Tíṣà ní èmi rèé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì kọjá. Ó fi àjẹ̀ ti ilẹ̀ láti gbéra.

Arúgbó náà gbé ọwọ́ lé báàgì rẹ̀, ó ń retí. Ó wo omi. Ó wo ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀, ó fẹ́ gbé e mì bí ìṣe rẹ̀, kò gbé e mì.

"Ìyá mi," ó ní, "jọ̀ọ́, bi èmi náà."